Ìpàdé Àwọn Tó Ń Fi Ọtí Sílẹ̀: Ọ̀fẹ́ Ni, Ẹ Má Ra Fọ́ọ̀mù Lọ́wọ́ Ẹnikẹ́ni

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn wa ló jẹ́ ká tẹ ìwé yìí. Ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, tàbí ìyàwó rẹ̀, tàbí ìyá rẹ̀, á wá béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé. Kó tó wọlé, ẹnì kan á ti dá a dúró níta, á ta fọ́ọ̀mù fún un. Ìgbà tó bá dé káńtà ló tó máa mọ̀ pé bébà lásán ni. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ dé káńtà: wọ́n gbọ́ iye tí wọ́n pè, owó ò sí lọ́wọ́, wọ́n padà sílé, wọ́n padà sídìí ọtí. Ti àwọn yìí ló dùn wá jù.

Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí owó

Ẹgbẹ́ tí a sábà máa ń júwe fún yín ni Alcoholics Anonymous, tí wọ́n ń pè ní AA. Bill Wilson àti dókítà Bob Smith, tí ọtí ti sọ di ẹrú tẹ́lẹ̀, ló dá a sílẹ̀ ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1935. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́: kó wù ú láti jáwọ́ nínú ọtí. Wọn kì í gba owó ìforúkọsílẹ̀, wọn kì í gba owó oṣù. Orúkọ tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n máa pè yín nìkan lẹ máa sọ, ohun tí ẹ bá sì sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbé.

Wọ́n lè gbé igbá kiri nínú ìpàdé, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ fi nǹkan sí i fún owó yàrá àti tíì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò ní láti fi kọ́bọ̀ sí i. Igbá náà kì í jáde síta, kì í dé ẹnu géètì. Ẹgbẹ́ yìí kì í gba owó lọ́wọ́ ìjọba tàbí ilé ìwòsàn, nítorí náà kò sí òṣìṣẹ́ wa kankan tó ń bá wọn gbowó.

A óò tún un sọ, torí a ti sọ ọ́ títí, kò tíì wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó fọ́ọ̀mù, owó fáìlì, tàbí owó pé òun á bá yín rí ọ̀gá, ẹ má san án. Bó wọ aṣọ funfun, ẹ má san án. Bó gbé káàdì kọ́rùn, ẹ má san án. Bó ní ààyè ti fẹ́ tán, irọ́ ni. Bó sì ní òun ní oògùn tí ẹ lè bù sínú ọtí ọkọ yín láìjẹ́ kó mọ̀, ẹ sá fún un. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè mú kí èèyàn dákú, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Owó ilé ìwòsàn yàtọ̀. Àyẹ̀wò, oògùn àti bẹ́ẹ̀dì ní owó tiwọn. Inú ọgbà lẹ ti máa san án, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tó ń wá ìpàdé nìkan kò nílò káàdì.

Ẹni tó ń mu lójoojúmọ́, kó kọ́kọ́ rí dókítà

Àwọn kan máa ń dá ọtí dúró lójijì kójú wọn lè dá kí wọ́n tó wá. Bó bá jẹ́ pé ògógóró tàbí paraga lẹ fi ń jí, tí ọwọ́ yín sì ń gbọ̀n bí ẹ ò bá rí i mu, ẹ má dá a ṣe. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, wárápá lè gbé èèyàn. Tó bá yá, ó lè máa rí ohun tí ẹlòmíràn ò rí, kí ara rẹ̀ gbóná, kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì. Kì í ṣe ayé ló ń ṣe é, àìsàn ni, ó ń pa èèyàn, oògùn rẹ̀ sì wà. Ẹ gbé e wá sí pàjáwìrì. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Aro, l'Abẹ́òkúta, àti ti Yábàá l'Ékòó ń tọ́jú bárakú.

Ibi tí ẹ ti máa rí ìpàdé

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ yín, tàbí kẹ́ ẹ wo aa.org. Ẹ pè kẹ́ ẹ tó lọ, torí ọjọ́ àti ibi ìpàdé máa ń yí padà.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lè jẹ́ ibi ìpàdé, ṣùgbọ́n AA kì í ṣe ìjọ. Ọlọ́run bí kálukú ṣe mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń sọ. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ló láyè níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé

Ẹ ò lè lọ jókòó sí ìpàdé dípò ẹni tó ń mutí. Ìpàdé tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn wà, ẹ lè sìn ín lọ síbẹ̀. Al-Anon ni ẹgbẹ́ tiyín, òun náà kì í gbowó ìforúkọsílẹ̀.

Bí wọ́n bá ti gbowó lọ́wọ́ yín níta, ẹ má torí ẹ̀ padà sílé. Ẹ wọlé, kẹ́ ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tó wà ní káńtà. A ò ní bá yín wí, a ó sì júwe ìpàdé fún yín lójú ẹsẹ̀.