Ṣé O Mọ̀? Ẹ̀gẹ́, Wárápá àti Àgbà Tí Kò Ṣarán

Ṣé o mọ̀ pé irú láfún tí àwọn ìyá ń sá ní àwọn abúlé ẹ̀yìn Alákìá ní Ìbàdàn ti dá iyàn sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ọpọlọ? Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Òkè-Mẹ̀sí Èkìtì ni, wọ́n bí i ní 1935, ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn ló sì ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn aláìsàn kan ń wá bá a. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń ta wọ́n, wọ́n ń ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n bí wọ́n bá ń rìn, ojú àti etí àwọn mìíràn sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀ṣúntókun bi wọ́n ní kí ni wọ́n ń jẹ. Gàrí, láfún, púrúpúrú. Ní 1968 ó kọ ohun tó rí sínú ìwé ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Brain: sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ ló fura sí.

Ṣé o mọ̀ pé sáyánáìdì yẹn kì í dá wà nínú ẹ̀gẹ́ tó ṣì wà nínú ebè? Èròjà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá rin ẹ̀gẹ́ ni wọ́n pàdé, tí májèlé jáde. Òkúta tí a gbé lé àpò, omi tó ń ro, ọjọ́ tí a fi jẹ́ kí ó kan, iná tí a fi yan án, gbogbo rẹ̀ ló ń lé e lọ. Ẹni tó bá ń sáré bá ọjọ́ ọjà, tó da gàrí sínú agbada láìtíì kan, kò ṣe wá ní oore.

Ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀ o. Ní 2000, Dókítà Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé àìsàn náà ṣì wà ní Òsósà lágbègbè Ìjẹ̀bú. Ta ló wà lára àwọn tó kọ ọ́? Hans Rosling, ará Sweden tó fi ìṣirò pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà ayé rẹ̀. Ní 2002 wọ́n tún mú Jóbẹ̀lẹ̀ wá, nítòsí Ọ̀yọ́: sáyánáìdì pọ̀ lára àwọn ará ibẹ̀, síbẹ̀ àìsàn ọ̀hún ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀gẹ́ nìkan kọ́ nìyẹn. Ó wù mí bí àwọn tó tẹ̀lé Ọ̀ṣúntókun ṣe lè já a níyàn, kí ọ̀wọ̀ rẹ̀ sì má dín kù.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí Ọ̀ṣúntókun wádìí wárápá, ti Ayétẹ̀ ju ti Igbó-Ọrà lọ ní ìlọ́po méje? Nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, 37 ní Ayétẹ̀, nǹkan bí 5 ní Igbó-Ọrà. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n. Àmọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ti ń tọ́jú àwọn ará Igbó-Ọrà láti 1963, Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì rò pé ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti wá. Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, èyí ló yẹ kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ kà.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí ìyá àgbà tí kò ní ìwé ìbí? Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì lo àkọsílẹ̀ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ayé àtijọ́ tí àwọn mìíràn ti tò jọ ní 1963. Bi ìyá nípa ogun tàbí ọba ìgbà náà, kí o wá ṣírò.

Ìṣirò yẹn wúlò ní Ìdíkàn, nínú Ìbàdàn. Àgbàlagbà 2,494 ni wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n wé 2,212 aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, Amẹ́ríkà. Àbájáde àkọ́kọ́ jáde ní 1995, ọdún tí Ọ̀ṣúntókun kú. Èyí tó jáde ní 2001 kò ṣojú rẹ̀: lọ́dọọdún, nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, 1.35 ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán ní Ìdíkàn, 3.24 ní Indianapolis.

Jíìnì kan wà, APOE e4, tó ń mú kí ewu àrùn Alzheimer pọ̀ gan-an lára àwọn òyìnbó. Kò ṣọ̀wọ́n lára àwa Yorùbá rárá. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wá ipa rẹ̀ lára àwọn àgbà Ìbàdàn, wọn ò rí i tó bẹ́ẹ̀.