Ọkàn Àtọwọ́dá Tí Ó Da Àárín Dókítà Méjì Rú

Lóṣù yìí, ìtàn oníṣẹ́ abẹ kan ni a fẹ́ sọ, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan owó, ó sì kan ohun àjọni.

Denton Cooley ni orúkọ rẹ̀. Houston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1920. Ní 1951 ó bá Dókítà Michael DeBakey ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Baylor, ọwọ́ rẹ̀ sì yá nínú iṣẹ́ abẹ ọkàn kọjá àfẹnusọ. Ní May 1968, oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn tí Christiaan Barnard kọ́kọ́ fi ọkàn èèyàn rọ́pò ti ẹlòmíràn ní Cape Town, Cooley náà ṣe é. Ẹni tó ṣe é fún lò ju oṣù mẹ́fà lọ láyé.

April 4, 1969 ni wàhálà dé. Ọkàn ọkùnrin ẹni ọdún 47 kan kọ̀ láti ṣiṣẹ́ mọ́ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, kò sì sí ọkàn èèyàn nílẹ̀. Ni Cooley bá fi ọkàn àtọwọ́dá sí i láyà, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi sí èèyàn rí. Wákàtí 64 ni ọkùnrin náà fi lò ó. Ìyàwó rẹ̀ ń bẹ gbogbo ayé pé kí wọ́n bá òun wá ọkàn èèyàn fún ọkọ òun. Wọ́n rí i, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí 32, ó kú.

Inú DeBakey ru. Domingo Liotta, ará Argentina tó bá Cooley ṣe ọkàn náà, yàrá ìwádìí DeBakey ló ti ń ṣiṣẹ́, owó ìjọba ni wọ́n sì fi ń ṣe ìwádìí ibẹ̀. Ẹnì kan kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá. Cooley ní ẹ̀mí èèyàn ni òun fẹ́ gbà là. Òótọ́ ni, ẹni tó ń kú lọ kò lè dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀. Àmọ́ ṣé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ náà ni? Lójú tiwa, àyè wà láti sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń bèèrè kí a tó fọwọ́ kan àpò ẹgbẹ́, ẹ mọ ohun tí a ń wí. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ bá Cooley wí, ó sì fi Baylor sílẹ̀.

Ọgbọ́n ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ní 1984 ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye kan ṣoṣo lé iṣẹ́ abẹ ọkàn: owó dókítà, owó bẹ́ẹ̀dì, gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí aláìsàn tó wọlé rárá. Síbẹ̀, ilé àti ilẹ̀ tó fi owó rà ní Texas kó o sí gbèsè nígbà tí owó epo já wálẹ̀. Ní 1988 ó gba ilé ẹjọ́ lọ pé òun kò rí gbèsè san, ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù dọ́là 100! Ó padà sídìí ọ̀bẹ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lọ.

Òun àti DeBakey kò bára wọn ṣe fún nǹkan bí 40 ọdún, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn kò jìnnà síra. Ní 2007 ni ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ Cooley dá DeBakey lọ́lá. Bàbá ẹni ọdún 99 náà wá, àwọn méjèèjì sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni DeBakey kú. Cooley fúnra rẹ̀ kú ní 2016, ní ẹni ọdún 96.