Àkọsílẹ̀ Ìwọlé àti Ìjáde Àlejò ní Amẹ́ríkà: Bí A Ṣe Ń Wá A Nígbà Tí Ó Bá Sọnù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé físà ni ó ń fún àlejò láyè láti gbé ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Físà kàn ń sin ènìyàn dé ẹnu ibodè ni. Aṣọ́bodè ni ó ń pinnu bóyá àlejò yóò wọlé, àti ọjọ́ tí yóò lò dà. Ìpinnu yìí ni a ń kọ sínú àkọsílẹ̀ tí a ń pè ní I-94. Ẹni tí kò bá rí i fi hàn yóò ṣòro fún un láti jẹ́rìí pé òun gba ẹnu ọ̀nà wọlé, pàápàá nígbà tí ó bá ń tọrọ ìwé ìgbélùú.

Kí ọdún 2013 tó dé, ìwé pélébé ni I-94. A máa ń so apá kan rẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà, àlejò a sì dá a padà nígbà tí ó bá ń lọ. Láti ọdún náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà fún àwọn tí ó bá ọkọ̀ òfuurufú tàbí ọkọ̀ ojú omi wọlé. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: ṣé àkọsílẹ̀ ni ó sọnù ni, tàbí a kò tíì wá a dáadáa?

Orí íntánẹ́ẹ̀tì àwọn aṣọ́bodè ni kí a ti kọ́kọ́ wá a. Wọn kì í gba owó. Nọ́ńbà ìwé ìrìnnà tí a fi wọlé ni kí a lò, kì í ṣe ti tuntun. Orúkọ Yorùbá pàápàá gba àkíyèsí: ìwé ìrìnnà kì í lo àmì, ẹni kan a kọ Ṣọlá ní Sola, ẹlòmíràn a kọ ọ́ ní Shola. Bí ọ̀kan kò bá bọ́ sí i, kí a dán èkejì wò.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ìwé pélébé bá sọnù, tí ó ya, tàbí tí a jí i, fọ́ọ̀mù I-102 ni a fi ń béèrè òmíràn. A ó fi ẹ̀dà ojú ewé ìwé ìrìnnà tì í, a ó sì ṣàlàyé bí ó ṣe sọnù. Bí aṣọ́bodè bá ṣi orúkọ tàbí ọjọ́ kọ, ọ́fíìsì wọn ni a ti ń tún un ṣe.

Àkọsílẹ̀ ìjáde kò kéré sí ti ìwọlé. Gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1996, ẹni tí ó bá fi ohun tí ó ju 180 ọjọ́ lọ kọjá gbèdéke rẹ̀ kí ó tó kúrò lè pàdánù àǹfààní àtipadà fún ọdún 3. Bí ó bá tó ọdún kan, ọdún 10 ni. Bí ẹni tí ó padà sí Ìbàdàn lásìkò kò bá sì sí nínú ìwé àwọn tí ó jáde, a lè kà á sí arúfin. Ẹ̀rí rẹ̀ ni òǹtẹ̀ tí a lù sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ nígbà tí ó dé ilé àti ìwé pélébé tí ó fi wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kí ó má ṣe sọ wọ́n nù.

Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni bá yín ṣe ayédèrú. Ohun tí ó sọnù ṣeé wá; irọ́ tí a bá pa fún ìjọba lè ti ilẹ̀kùn mọ́ni pátápátá.