Inú Ọgbà àti Ẹ̀yìn Ọgbà

Bí agogo ìjáde bá ti lù lọ́sàn-án ní Bàrígà, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé ni kí ẹ máa wò. Ẹsẹ̀ ló ń sọ ibi tí ọkàn ń lọ. Àwọn kan ń wọ́ bàtà lọ sí ilé lẹ́sìnnì. Àwọn kan ti ká ṣẹ́ẹ̀tì sínú báàgì, wọ́n ti to òkúta mẹ́rin sójú títì, mọ́ńkì-pósìtì ti bẹ̀rẹ̀: "Sẹ́ẹ̀tì ta ló kàn?" Àwọn mìíràn ń tọ ìró ìlù lọ sí àgbàlá tí wọ́n ti ń kọ́ ijó. Lẹ́yìn gbogbo wọn, ẹ̀ṣọ́ ti ti géètì. Pápá dá wáí, gbọ̀ngàn dá wáí.

Géètì yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n lónìí. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ní Ṣómólú àti Bàrígà, nǹkan mẹ́ta ló ti gbé orúkọ àdúgbò náà jáde: ìwé, bọ́ọ̀lù àti iṣẹ́-ọnà. Ẹ jẹ́ ká gbé tinú ọgbà sí apá kan, ká gbé tẹ̀yìn ọgbà sí apá kejì, ká wo ibi tí ìwọ̀n yóò tẹ̀ sí.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé, nítorí òun ni a tìtorí rẹ̀ mọ ọgbà. CMS Grammar School tó wà ní Bàrígà ni ilé-ìwé girama tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Ọjọ́ 6 oṣù Òkúdù ọdún 1859 ni wọ́n ṣí i ní Erékùṣù Èkó, ọmọ mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tó tún jẹ́ bàbá Herbert Macaulay, ni ọ̀gá àkọ́kọ́. Láyé ìgbà náà, ọmọ ẹni tó rówó ló ń wọlé. Nígbà tó yá, ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Nígbà tí Lateef Jákàńdè dé orí àléfà ní 1979, ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ jákèjádò ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì fòpin sí ètò tí àwọn kan fi ń lọ sílé-ìwé láàárọ̀, tí àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án. Àsìkò yẹn ni ọmọ apẹja láti Ìlàjẹ etí ọ̀sà àti ọmọ olùkọ́ Yunifásítì Akókà lè jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan láìsan kọ́bọ̀.

Nígbà ìjọba Bọ́lá Tinúbú, láàárín 1999 sí 2007, ìjọba dá ọ̀pọ̀ ilé-ìwé àtijọ́ padà fún àwọn ìjọ tó dá wọn sílẹ̀. CMS Grammar School wà lára wọn, owó ilé-ìwé sì padà dé. Ibi tí ọmọ tálákà kù sí ni àwọn ilé-ìwé tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ìjọba. Ẹ dúró létí fèrèsé wọn nígbà tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ: Adébáyọ̀, Chinedu, Sẹ̀wánù, Okon, Ràímọ̀tù. Ọmọ Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, Ìlàjẹ wà níbẹ̀, Ẹ̀gùn wà níbẹ̀, Ìgbò àti Ìbíbíò náà kò gbẹ́yìn.

Lẹ́yìn ọgbà, lẹ́sìnnì ló dúró fún ìwé. Mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìṣirò kò yé nínú kíláàsì tó kún fọ́fọ́ ni lẹ́sìnnì là lójú. Ṣùgbọ́n ìdánwò nìkan ni lẹ́sìnnì mọ̀: kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò láàárín wọn. Ẹni tí kò bá sì mú owó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìta ni yóò ti máa gbọ́ ohùn olùkọ́. Inú ọgbà kò kọ ẹnikẹ́ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba Èkó tiẹ̀ fi san owó ìdánwò WAEC fáwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Ní ti ìwé, inú ọgbà ni ìwọ̀n tẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní 1956, Fadá Denis Slattery, ọmọ ilẹ̀ Áyálándì, dá St Finbarr's College sílẹ̀. Nígbà tó yá, ilé-ìwé náà kó wá sí Akókà, ní ẹ̀gbẹ́ Bàrígà níbí. Fadá yìí kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn pẹpẹ nìkan. Ó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn ìjọ Kátólíìkì, rẹfirí sì ni, tó ń fi fèrè sáré káàkiri pápá. Ohun mẹ́ta ni Finbarr's fi ń yangàn: ìwé, bọ́ọ̀lù àti ìbáwí. Bí ìdíje Principals' Cup bá dé, èyí tó ti wà láti 1949, àwọn ọmọ Èkó a máa ya lọ wòran bí ẹni ń lọ sí ọdún eégún. Inú ọgbà yẹn ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti jáde. Nwosu wà nínú ikọ̀ tó kọ́kọ́ gba ife Áfíríkà fún Nàìjíríà ní 1980, òun ló sì kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn. Keshi ni balógun ikọ̀ tó gbà á ní 1994; ní 2013, ó tún gbà á gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni. Òbí àwọn méjèèjì kì í ṣe Yorùbá, síbẹ̀ ọmọ Èkó ni gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí.

Wàyí o, ẹ wo ẹ̀yìn ọgbà. Mọ́ńkì-pósìtì ojú títì ń kọ́ ọmọ ní ohun tí pápá ńlá kò lè kọ́ ọ. Ibi tóóró, gọ́tà lápá ọ̀tún, kẹ̀kẹ́ Máruwá lápá òsì: ọmọ tó bá lè tọ́jú bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kò sí ibi tí kò lè tọ́jú rẹ̀. Àwọn akadẹ́mì náà wà, àwọn tó ń ṣa ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá náà ń bọ̀. Àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ọmọ náà lọ sílé-ìwé láàárọ̀, ẹ ó rí i pé ìbéèrè náà ṣàjèjì sí wọn. Lẹ́yìn ọgbà, bọ́ọ̀lù ló ń jẹ ìwé. Nínú ọgbà Finbarr's, bọ́ọ̀lù ni ìjẹ tí wọ́n fi ń mú ọmọ wá sídìí ìwé. Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Ta ló ń pè wọ́n wọ sẹ́ẹ̀tì lójú títì? Ọjọ́ inter-house sport nínú ọgbà ni ọ̀pọ̀ wọn ń rí ààyè sáré tí gbogbo àdúgbò á pàtẹ́wọ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé inú ọgbà tí mò ń yìn yìí ti ń tán lọ. Mo ti wọ ilé-ìwé kan rí tí bílọ́ọ̀kì tuntun ti jẹ ìdajì pápá. Orí pátákó ni àwọn ọmọ ti ń da bí pápá bọ́ọ̀lù ṣe gùn tó kọ sínú ìwé. Wọ́n mọ ìwọ̀n pápá, ẹsẹ̀ wọn kò kan bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, bí a bá ń wọn ìrántí, inú ọgbà ló borí. Bí a bá ń wọn òní, ẹ̀yìn ọgbà ni.

Iṣẹ́-ọnà ló wá kù, ibẹ̀ sì ni ìwọ̀n ti dojú dé. Kì í ṣe pé inú ọgbà kò ní ìtàn. Babington Macaulay fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń ṣètò àṣálẹ́ orin ní Èkó láyé ọjọ́un, Fẹlá Ṣówándé, àgbà olórin dùùrù tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Lọ́ńdọ̀nù, sì jẹ́ ọmọ CMS Grammar School nígbà tó ṣì wà ní Erékùṣù. Lónìí, ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń pè ní CCA, tó kó orin, ijó, eré àti àwòrán pọ̀, ti di nóòtì dídà kọ: "Dárúkọ oríṣi ìlù márùn-ún." Ọmọ lè gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá láì fọwọ́ kan awọ ìlù rí.

Ẹ rìn jáde ní géètì. Láti 1996 ni Ṣẹ́gun Adéfilà ti dá Crown Troupe of Africa sílẹ̀, Bàrígà ni wọ́n sì fi ṣe ibùdó. Inú rẹ̀ ni Ṣeun Awóbàjò ti jáde tó fi dá Footprints of David sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, Bàrígà yìí náà ni. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ìró jẹnẹrétọ̀ ló ń sùn tì wọ́n ti di oníjó, onílù àti òṣèré. Àdúgbò kan náà ló tọ́ 9ice, Olamide àti Lil Kesh. Àwọn yìí kó òwe, àṣamọ̀ àti èdè ìgboro sínú orin, wọ́n sì fi í là. Ní Ṣómólú, bí ẹ bá gba àwọn òpópónà tí àwọn atẹ̀wé wà kọjá, ẹ ó gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń lù kì, kì, kì: ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, páálí òògùn. Iṣẹ́ àwòrán tó ń bọ́ ẹbí ni gbogbo ìyẹn, ìsẹ̀ mélòó kan péré sí kíláàsì tí ọmọ ti ń fi rúlà fa ìlà láìmọ ohun tí ìlà wà fún.

Èdè tún wà níbẹ̀. Òfin Èkó tí wọ́n buwọ́ lù ní 2018 sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé-ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni. Síbẹ̀, ilé-ìwé ṣì wà tí ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì á san owó ìtanràn. Ohun tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lé lórí nínú ọgbà ni wọ́n ń gba owó iṣẹ́ lé lórí lẹ́yìn ọgbà.

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní Bàrígà, òde ni ẹ̀ṣọ́ wà, ilé ló ṣófo. Ṣùgbọ́n kí a tó fi oyè jọ ẹ̀yìn ọgbà, ẹ jẹ́ ká ka iye tó wọlé síbẹ̀. Ọmọ tó láyà ni, àbí èyí tí ìyá rẹ̀ kò sọ fún pé iṣẹ́ ọmọ ìta ni ijó, àbí èyí tí kì í ta omi tútù lọ́sàn-án. Ọmọ tí ojú ń tì, tí ẹ̀bùn wà nínú rẹ̀, kì í kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Orúkọ tirẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà, olùkọ́ sì ń pè é láràárọ̀.

Bí mo ṣe wò ó nìyí: inú ọgbà ní gbogbo ọmọ, ó ní ilẹ̀, ó ní òrùlé. Ẹ̀yìn ọgbà ní ọ̀gá iṣẹ́ àti iná. Ohun tó jẹ́ kí Finbarr's yàtọ̀ ni pé ara ẹnì kan ṣoṣo ni méjèèjì ti pàdé, fadá tó tún jẹ́ rẹfirí. A kò nílò irú fadá bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n kí ni ìbá ná ìjọba bí ẹgbẹ́ òṣèré Bàrígà bá gba gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, láti aago méjì sí aago márùn-ún, tí kóòṣì àdúgbò gba pápá, tí atẹ̀wé Ṣómólú kan sì wá fi bí wọ́n ṣe ń po àwọ̀ han àwọn ọmọ? Òfin kan péré ni wọn ì bá lẹ̀ mọ́ ara ògiri: ẹni tí kò sí ní kíláàsì láàárọ̀ kò gbọdọ̀ jó lọ́sàn-án.

Ilẹ̀ wà, òrùlé wà, ọ̀gá iṣẹ́ ń gbé òpópónà kejì. Kọ́kọ́rọ́ tó kù ń mì lápò ẹ̀ṣọ́, bàbá náà sì ti ń tòògbé lórí àga rẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ géètì tó tì.