Ibùdó Ìgbafẹ́ Ikegun Láàrin Àwọn Òmìrán Lẹ́kkí

Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wọ ilẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí lóde òní, tí ó rí bí tírélà ti ń tò gbọọrọ tẹ̀lé ara wọn, tí ó sì gbójú sókè wo àwọn ilé gogoro onírin tí ń bá ojú sánmà sọ̀rọ̀, yóò gbà pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ abúlé apẹja. Lẹ́kkí Free Zone, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà gbé kalẹ̀ ní 2006, ni ó kọ́kọ́ tẹ́ rẹrẹ síbẹ̀. Èbúté Lẹ́kkí, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù kìíní 2023, tẹ̀lé e. Nígbà tí ó sì di oṣù karùn-ún ọdún kan náà, a ṣí ilé ìfọpo Dangote, àràbà tí a kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́. Ní etí òkun kan náà, ní abúlé Ikegun, ni ibùdó ìgbafẹ́ La Campagne Tropicana wà, ó sì ti lé ní ogún ọdún níbẹ̀ kí a tó dá Free Zone sílẹ̀.

Ọ̀túnba Wanle Akinboboye ni ó dá La Campagne Tropicana sílẹ̀ ní 1984. Ohun tí ó rí tí ó fi tẹ̀dó síbẹ̀ kò ṣòro fún ẹni tí ó bá débẹ̀ láti mọ̀: òkun Olókun Sẹ̀níadé ń ru níwájú, adágún omi tí kò níyọ̀ wà nítòsí rẹ̀, iyanrìn, ọ̀dàn àti igbó ẹ̀gbà inú ẹrọ̀fọ̀ sì wà lójú kan, bí ẹni pé Ẹlẹ́dàá mọ̀ọ́mọ̀ kó wọn jọ. Dípò kí ó fi kọnkéré bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, igi, ọparun àti òrùlé koríko ni ó fi kọ́lé, ó sì pinnu pé oúnjẹ, ìlù, ijó àti aṣọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni àlejò yóò bá níbẹ̀. Mo ka èyí sí iṣẹ́ ńlá, nítorí pé púpọ̀ nínú wa gbà pé ìgbádùn kò lè pé bí kò bá jọ ti òkè òkun.

Ibùdó aládàáni irú èyí kì í rí owó ìjọba gbẹ́kẹ̀ lé. Òun ni yóò tan iná ara rẹ̀, tí yóò gbẹ́ kànga ara rẹ̀, tí yóò gba ọdẹ tí yóò ṣọ́ ọ. Owó ẹnu géètì, owó yàrá àti ti àsè ìgbéyàwó ni yóò sì fi san gbogbo rẹ̀. Bí òjò bá fi òpin ọ̀sẹ̀ méjì léra wọn rọ̀, àpótí owó yóò mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún wà níbẹ̀: òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè jókòó pẹ́ ní etíkun Lẹ́kkí láìbá àwọn ìdílé onílẹ̀ rẹ́, ohun tí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ etíkun Elégùshì àti ti Oníru kò ní bá mi jiyàn lé lórí.

Kì í ṣe òní ni alágbára ti ń du etí omi yìí. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, ní 1851, tí ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan nínú ohun tí ó béèrè nínú àdéhùn 1854 ni pé kí Palma àti Lẹ́kkí jẹ́ èbúté ìṣòwò tirẹ̀.

Ipò ẹni kékeré láàrin àwọn ńlá kò sì ṣàjèjì níbòmíràn. Lórí àwọn òkè Colorado ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń so pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ láti yọ̀ lórí yìnyín, ibùdó ìgbafẹ́ Loveland ṣì wà lọ́wọ́ aládàáni, nígbà tí Keystone àti Breckenridge, aládùúgbò rẹ̀, ti wọ abẹ́ ilé iṣẹ́ Vail Resorts. Loveland kò ní ilé ìtura kankan lẹ́sẹ̀ òkè rẹ̀, síbẹ̀ èrò kò yé wọ́ lọ síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe ojú ọ̀run. Ní 2024, nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà etíkun tí yóò ti Èkó dé Calabar, ọ̀nà tí gígùn rẹ̀ tó 700 kìlómítà, katapílà wó àwọn ilé ìtajà àti ibi ìgbafẹ́ tí ó wà ní etíkun Landmark ní ìhà Oníru, ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré sì pàdánù ibi iṣẹ́ wọn. Èmi kò kórìíra ọ̀nà. Ẹni tí ó ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah kò lè kórìíra rẹ̀. Ọ̀nà yìí gan-an lè sọ ìrìn wákàtí mẹ́ta di ìrìn wákàtí kan fún àlejò tí ń lọ sí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté àti ti ilé ìfọpo sì nílò ibi tí wọn yóò ti sinmi lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ni pé kí àwọn awọnlẹ̀ jókòó pẹ̀lú oníbùdó Ikegun àti àwọn baálẹ̀ kí a tó ri òpó kankan mọ́lẹ̀, kí a san owó gbà-má-bínú kí katapílà tó dé, kí a sì kọ adágún omi àti igbó ẹ̀gbà sínú àwòrán ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.