Ọmọ Ajá Lọ sí Bọ́dìn: Ta Ni Yóò Kọ́ Onílé?

Ọdẹ ayé àtijọ́ kì í rán ajá lọ sí ilé ìwé. Bí ọmọ ajá bá ti lágbára díẹ̀, yóò máa tẹ̀lé ajá àgbà wọ igbó, yóò máa wo bí àgbà ṣe ń fimú finlẹ̀, ọdẹ fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa fi orúkọ tó sọ ọ́ pè é. Orúkọ ọ̀hún gan-an kì í ṣe ti ajá nìkan: ẹni tó sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, ó lè jẹ́ pé aládùúgbò tó ń fojú tín-ínrín rẹ̀ ló ń dá lóhùn. Ohun tó dájú ni pé ẹni tó ń bọ́ ajá, ẹni tó ń pè é àti ẹni tó ń kọ́ ọ, ẹnì kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ báyìí. Ọ̀dọ́ tó ń jáde nílé l'Ékòó ní aago márùn-ún ìdájí, tí kò ní wọlé títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tó sì ra ọmọ ajá Jámánì nítorí àwọn olè, ìgbà wo ni yóò ráyè kọ́ ọ pé inú yàrá kọ́ là ń tọ̀ sí? Ìdí nìyí tí ètò kan tó dà bíi bọ́dìn ọmọ ilé ìwé fi ń wu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ ó kó ọmọ ajá fún olùkọ́, yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, ọ̀sẹ̀ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó san owó oúnjẹ àti owó iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá dá a padà, ó yẹ kó ti mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó, bí wọ́n ṣe ń dúró lójú kan, bí wọ́n ṣe ń wá bí a bá pè, àti bí wọ́n ṣe ń fi okùn rìn láì wọ́ olówó wọn káàkiri àdúgbò.

Ètò náà kì í ṣe jìbìtì, bó bá jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ń ṣe é. Ọwọ́ yíyá lẹ ń sanwó fún. Ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ tẹ ọmọ ajá lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lẹ́yìn tó bá ṣe ohun tó tọ́. Bó bá jókòó, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wá ẹran nínú àpò, tó sì ti dìde kí ẹ tó rí i, ìdìde lẹ san ẹ̀bùn fún, ìdìde náà ni yóò sì máa ṣe. Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1904 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara, ara àwọn ajá ló ti fi hàn pé ohunkóhun tó bá ń ṣáájú oúnjẹ nígbà gbogbo lè mú kí itọ́ máa dà lẹ́nu ajá kí oúnjẹ tó dé rárá. Bí ajá ṣe ń so nǹkan méjì pọ̀ nìyẹn. Olùkọ́ tó dáńtọ́ mọ ìgbà tó yẹ kó so wọ́n, èyí sì máa ń ṣòro fún ẹni tó ń kọ́ ajá fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ibi tí mo ti ń kọminú ni ọjọ́ orí ọmọ ajá tí à ń rán lọ. Lọ́dún 1961, àwọn onímọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine l'Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn ìwádìí kan jáde. Wọ́n tọ́ àwọn ọmọ ajá nínú pápá tí wọ́n ṣọgbà yí ká, níbi tí wọn kì í ti í rí èèyàn. Wọ́n ń mú àwọn kan jáde ní ọ̀sẹ̀ kan láti fi èèyàn mọ̀ wọ́n, àwọn mìíràn ní ọ̀sẹ̀ mìíràn. Àwọn tí wọn kò fọwọ́ kàn títí wọ́n fi pé ọ̀sẹ̀ 14 ń sá fún èèyàn bí ẹran ìgbẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 14, ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ nínú ọpọlọ ọmọ ajá. Ohun tó bá bá pàdé pẹ̀lú ìrọ̀rùn nígbà náà yóò di ohun ilé. Ohun tí kò bá mọ̀ nígbà náà lè máa bà á lẹ́rù títí ayé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ gba ọmọ ajá ní ọ̀sẹ̀ 8, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 1, ẹ gbé e lọ sí bọ́dìn fún ọ̀sẹ̀ 4. Ó padà dé ní ọ̀sẹ̀ 13, ilẹ̀kùn ń tì lọ. Bí olùkọ́ bá ń gbé e jáde, tó ń fi ọmọdé, ọlọ́kadà, ariwo jẹnẹrétọ̀, ohùn ìrun láti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àrá àti òjò orí páànù mọ̀ ọ́n, èrè ńlá ni. Bó bá jẹ́ pé inú kéèjì ló ń sùn tó ń jí, tí wọ́n ń mú un jáde lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti jókòó kó tún dìde, ẹ ti fi ọ̀sẹ̀ tó níye lórí jù lọ ra ìjókòó. Ìjókòó lásán! Ajá ọdún mẹ́fà lè kọ́ ìjókòó.

Ìlera tún wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ajá kì í parí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 16, ti dìgbòlugi sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù 3. Ibi tí ọmọ ajá láti ilé oríṣiríṣi bá ti ń gbé pọ̀, àrùn parvo tó ń mú wọn bì, tó sì ń mú wọn yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lè ràn kíákíá, kòkòrò rẹ̀ sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Olùkọ́ tí kò bá bi yín léèrè ìwé abẹ́rẹ́, ẹ rántí pé kò bi àwọn yòókù náà.

Ẹ tún béèrè ohun méjì lọ́wọ́ rẹ̀: bí ọmọ ajá bá ṣe é re, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Bó bá sì kùnà ńkọ́? Bí ìdáhùn ìkejì bá gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ gbé ajá yín. Láti ọdún 2010 ni ìjọba Wales ti fòfin de bẹ́líìtì ọrùn tó ń fi iná mànàmáná gbọn ajá. Lọ́dún 2021, American Veterinary Society of Animal Behavior, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran tó ń mójú tó ìwà ẹranko, sọ ọ́ kedere pé ẹ̀bùn ni kí a máa fi kọ́ ajá gbogbo, kì í ṣe ìnira. Ajá tí wọ́n fi ìyà pa lẹ́nu mọ́ máa ń jọ ajá tó gbọ́ràn nínú fídíò ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo ìrù rẹ̀ bóyá ó ká a sábẹ́ ikùn, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń sún mọ́ olùkọ́ láìjẹ́ pé wọ́n pè é.

Ká wá sọ pé ibi tó dára lẹ rí, tí ọmọ ajá sì padà dé. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ẹjọ́ ajá la sì máa ń rò nínú òwe náà. Bó bá jẹ́ pé fèrè ẹlòmíràn ni wọ́n fi kọ́ ọ ńkọ́? Ajá kì í tètè gbé ẹ̀kọ́ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. “Jókòó” tó mọ̀ ní àgbàlá olùkọ́ lè di èdè àjèjì sí i lẹ́nu géètì yín. Ní ilé ẹlòmíràn, èdè àjèjì gan-an ni: Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ fi kọ́ ọ, ìyá àgbà ní Yorùbá, àwọn ọmọ ń pàrokò méjèèjì pọ̀. Àwọn onímọ̀ ní Budapest fi àwòrán ọpọlọ ajá hàn lọ́dún 2016 pé ajá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ó tún ń gbọ́ ohùn tí a fi sọ ọ́. Nítorí náà, kí gbogbo ilé fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan fún iṣẹ́ kan. “Wá” ni kó jẹ́, kó má jẹ́ “wá” láàárọ̀, “máa bọ̀” lọ́sàn-án, “àbí o ò gbọ́ ni?” lálẹ́.

Bí ipá bá ká a, mo fara mọ́ olùkọ́ tó ń wá sílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ju bọ́dìn lọ fún ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù 4. Ní àsìkò yẹn, ẹ máa gbé e mọ́ra lọ sí ìta, kó máa wo ayé láì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí ajá mìíràn ti yàgbẹ́ sí. Bí iṣẹ́ kò bá gbà, tí bọ́dìn bá di dandan, ẹ bá olùkọ́ ṣe àdéhùn kí ẹ tó sanwó: kí ẹ lè bẹ ọmọ ajá wò láì kọ́kọ́ ránṣẹ́, kí olùkọ́ sì wá sí ilé yín lẹ́yìn rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta, láti kọ́ ẹ̀yin gan-an.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá dé, ẹ ṣe bí ẹni pé kò mọ nǹkan kan. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi ọwọ́ bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ ní yàrá, lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́nu géètì. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá sì wá, kí ẹni tó ń fún ajá lóúnjẹ lójoojúmọ́ wà níbẹ̀, kó di okùn mú fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, mẹ́gáàdì ni.