Fọ́tò Lórí Táìlì: Ohun Tó Yẹ K'á Bèèrè K'á Tó Sanwó

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ fọ́tò orí táìlì ni. Kò sí ẹni tí kò tíì rí i nínú wa. Wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibojì ìyá àti bàbá, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, àwọn mìíràn ń lẹ̀ ẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n tún ń ṣe kékeré ẹ̀ fún àlejò níbi òkú àgbà àti ọjọ́ ìbí. Ó dára, ó gbayì, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó gidi ló ń lọ sí i, àwọn tó ń ṣe é kì í sì í fi gbogbo ẹ̀ han oníbàárà. Ẹ jẹ́ k'á là á sílẹ̀.

Gbogbo táìlì tó ní fọ́tò lójú kọ́ ni wọ́n ṣe bákan náà. Ọ̀nà méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀ dáadáa, ojú lásán sì lè má mọ ìyàtọ̀ wọn lọ́jọ́ tí ẹ lọ gbà á. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń fi iná ìléru sun. Èyí tí ẹ bá rà nínú méjèèjì ló máa sọ ibi tí ẹ lè lẹ̀ ẹ́ sí.

Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù nígboro. Táìlì náà kì í ṣe táìlì lásán bíi ti ilé ìwẹ̀ o. Wọ́n ti fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó dà bíi rọ́bà bo ojú ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Ojú ò rí i, dídán nìkan l'ẹ máa rí. Oníṣẹ́ á kọ́kọ́ tẹ fọ́tò yín sórí bébà pẹ̀lú yíǹkì tó yàtọ̀ sí yíǹkì ìwé. Á tẹ̀ ẹ́ sódì, bí ẹni ń wo dígí, kó lè bọ́ sípò tó bá dórí táìlì. Á da ojú bébà bo táìlì, á ti méjèèjì sábẹ́ ẹ̀rọ tó gbóná tó nǹkan bí 180 sí 200 lórí ìwọ̀n Celsius, á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ ṣáà mọ kánfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ òkè. Tó bá pẹ́, ẹ máa tú aṣọ wò, ẹ ò ní bá a mọ́. Kò yọ́, kò di omi, ńṣe ló bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí yíǹkì yìí náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìgbóná á sọ ọ́ di oru, oru náà á wọ inú rọ́bà ojú táìlì, tó bá ti tutù, ó há síbẹ̀ nìyẹn.

Àwọ̀ ẹ̀ máa ń tàn. Gèlè pupa á pupa, léèsì á hàn fínnífínní. Ó tún yá: tí iná ìjọba ò bá ṣe tiẹ̀, ẹ lè gbé iṣẹ́ lọ láàárọ̀ k'ẹ́ ẹ gbà á nírọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń sá lọ síbẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé inú rọ́bà ni fọ́tò yẹn wà, kò sí lára táìlì fúnra ẹ̀. Oòrùn á máa pa á díẹ̀díẹ̀ títí á fi ṣá. Iyanrìn àti kànrìnkàn onírin á máa họ ọ́. Ìkòkò gbígbóná tí ẹ bá gbé lé e lè ba ojú ẹ̀ jẹ́.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ṣe irú ẹ̀ sí ibojì ìyá rẹ̀. Ó náwó, ó pe ẹbí, gbogbo wa la lọ bá a yọ̀. Ibojì náà wà ní gbangba, kò sí igi, kò sí òrùlé, oòrùn ọ̀sán sì ń mú un ní tààrà. Kò tíì pé ọdún méjì tí ojú ìyá fi ṣá. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ ò lè sọ pé àwọn nìyẹn. Nígbà tó padà lọ bá ẹni tó ṣe é, ìyẹn ní oòrùn ló fà á. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ṣé kò yẹ kó ti sọ bẹ́ẹ̀ kó tó gbowó? Ó mọ̀ pé ibojì ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, òun náà ló kọ "Sùn re o" sábẹ́ ẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń fi iná sun wá ńkọ́? Ẹ rántí àwo tánńganran olódòdó tí àwọn ìyá wa kó wá sílé ọkọ. A ti fọ àwo yẹn fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, òdòdó ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Iná ló sun òdòdó yẹn mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fọ́tò. Àwọ̀ tí wọ́n lò níbí kì í ṣe yíǹkì bébà, èròjà inú ilẹ̀ ni, irú èyí tó ń jáde lára irin àti bàbà, tí wọ́n lọ̀ kúnná. Wọ́n á fi tẹ fọ́tò sórí bébà kan tó ń bọ́ nínú omi, wọ́n á yọ àwòrán náà lé orí táìlì, wọ́n á wá kó o sínú ìléru tó gbóná tó nǹkan bí 800 lórí ìwọ̀n Celsius. Tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, dídán ojú táìlì á rọ̀ díẹ̀, á gba àwọ̀ náà mọ́ra. Kò tún sí ohun tí oòrùn tàbí òjò máa fi ṣe mọ́. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun o. Lọ́dún 1854 ni àwọn ayafọ́tò méjì kan ní ilẹ̀ Faransé, Bulot àti Cattin, gba ìwé àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe ń fi iná sun fọ́tò mọ́ tánńganran. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn Yúróòpù ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibojì, púpọ̀ nínú wọn ṣì ń hàn ketekete dòní.

Iṣẹ́ ìléru ní àléébù tiẹ̀. Ó wọ́n jù, ó máa ń pẹ́, àwọn tó ní ìléru ò sì pọ̀. Pupa kì í sì í pupa tó bó ṣe wà nínú fọ́tò, torí àwọ̀ pupa ṣòro fún iná. Gèlè pupa yín lè di pupa rẹ́súrẹ́sú. Fún ibojì, àwa ò rí èyí tó dà bíi fọ́tò dúdú àti funfun, tàbí aláwọ̀ ilẹ̀. Ó níyì, kì í sì í da ojú òkú rú.

Ìbéèrè tí ẹ máa bi oníṣẹ́ nìyí, ẹ bi í báyìí gan-an: "Ṣé inú ìléru l'ẹ ti sun ún, àbí ẹ̀rọ ìgbóná l'ẹ fi tẹ̀ ẹ́?" Tó bá ní ìléru ni, ẹ ní kó sọ ibi tí ìléru náà wà àti iye ọjọ́ tó máa gbà. Ẹni tó bá ní òun sun ún ní ìléru, tó tún ní k'ẹ́ ẹ wá gbà á lọ́la, ẹ rọra fi ẹ̀rín bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé bébà tó ń lẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ táìlì, tí wọ́n wá kun ún ní ohun dídán. Ẹ fi èékánná wo etí ẹ̀. Tó bá ń ṣí, ẹ mọ ohun tó jẹ́.

Tí ọjọ́ bá ṣì wà níwájú, ẹ ra ọ̀kan nínú táìlì tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́, kì í wọ́n. Ẹ fi páálí tó nípọn bo ìdajì ẹ̀, ẹ so ó pinpin, ẹ gbé e sórí òrùlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn fún oṣù méjì. Tí ẹ bá ṣí páálí náà, tí ìdajì tó wà ní ìta bá ti ṣá ju ìdajì tó wà lábẹ́ lọ, kò sẹ́ni tó tún máa ṣàlàyé fún yín.

A ò sọ pé kí ẹ má ra ti ẹ̀rọ o. Inú ilé, níbi tí oòrùn ò dé, ó máa pẹ́ dáadáa. Pálọ̀, ọ́fíìsì ẹgbẹ́, iyàrá, ẹ̀bùn àlejò, kò sí wàhálà. Ògiri ilé ìdáná náà gbà á, tí kò bá ti sí lẹ́yìn ààrò gan-an. Ilẹ̀ ni ẹ ò gbọ́dọ̀ lẹ̀ ẹ́ sí, torí bàtà á họ ọ́, ẹsẹ̀ tó lómi á sì yọ̀ lórí ẹ̀. Ó sì lójú ẹni tó máa fi bàtà tẹ ojú bàbá ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó ku fọ́tò fúnra ẹ̀. Ibí ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́, tí a ó sì máa bínú sí oníṣẹ́. Fọ́tò tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ láti fóònù kan dé òmíràn lórí WhatsApp, ó ti dín kù, bó tilẹ̀ ń dán lójú fóònù. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, kí wọ́n tẹ ibi tó kọ "Document", kó lè dé bó ṣe wà. Táìlì tó gùn ní íǹṣì 10 tó sì fẹ̀ ní íǹṣì 8 ń fẹ́ fọ́tò tó ní tó ojú àmì 3,000 ní òró àti 2,400 ní ìbú, kó tó lè mọ́ dáadáa. Àwọn ọmọ mọ ibi tí wọ́n ti ń wò ó. Tó bá jẹ́ fọ́tò àtijọ́ lórí bébà ni, ẹ má fi fóònù yà á lábẹ́ gílóòbù, torí ìmọ́lẹ̀ á tàn sójú ẹ̀. Ẹ gbé e lọ síbi ẹ̀rọ síkánà, ẹ ní kí wọ́n ṣe é ní 600. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì fíríìmù, ẹ má fi agbára ṣí i, á ya. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi gíláàsì ṣe é bẹ́ẹ̀. K'ẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n dá a padà fún yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Nǹkan mìíràn ni àwọ̀ ara wa. Ẹ̀rọ máa ń sọ ojú ẹni tó dúdú di òkùnkùn, imú àti ètè á pa pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n tan ojú náà mọ́lẹ̀ díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. A ò ní kí wọ́n bó ìyá wa o! Kí ojú ẹ̀ ṣáà hàn.

Kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun, ẹ gba àwòrán iṣẹ́ náà lórí bébà, kí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn nínú ẹbí jọ ka orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú. Ẹ wo àmì orí orúkọ dáadáa. Àṣìṣe tó bá ti gba iná kọjá, kò sí ìparẹ́ fún un. Owó àbọ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí rìsíìtì sì kọ irú táìlì, ìwọ̀n, iye, ọjọ́, àti ọ̀rọ̀ yẹn: "ìléru" tàbí "ẹ̀rọ".

Àwọn tó bá fẹ́ fọ́tò ńlá tó gba táìlì púpọ̀, bí irú èyí tí ẹgbẹ́ lè fẹ́ fi sí gbọ̀ngán, ẹ gbọ́ èyí. Tó bá jẹ́ táìlì mẹ́rin ni, méjì lókè méjì nísàlẹ̀, orí imú gan-an ni ojú ìpàdé wọn máa bọ́ sí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́sàn-án lápapọ̀, kí ojú lè wà lórí èyí tó wà láàárín. Kí oníṣẹ́ kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, kó ya ọfà tó ń tọ́ka sókè. Ẹ ní kó ṣe méjì èyí tó ní ojú lẹ́ẹ̀kan náà, torí tó bá fọ́, èyí tí wọ́n bá tún tẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ lè má bá àwọn tó kù dọ́gba láwọ̀.

Birikìlà náà ń fẹ́ ìkìlọ̀. Kí àlàfo àárín táìlì má ju milimítà méjì lọ, kó fi sìmẹ́ńtì funfun dí i, kó má lo èyí tó ní iyanrìn. Kó nu ojú táìlì kí sìmẹ́ńtì tó gbẹ. Ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìlì lẹ́yìn iṣẹ́, kó gbé e lọ sílé. Lára ibojì, kó gbé táìlì sí òòró, kó má tẹ́ ẹ sílẹ̀, torí èyí tó bá tẹ́jú sókè ni oòrùn àti omi ń bá jà jù. Kó kì í wọnú díẹ̀, kó ṣe etí kékeré lé e lórí bí òrùlé. Kó má sì fi ihò sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ tí omi máa wọ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí àwọn àfáà wọn ò fẹ́ àwòrán lára ibojì, wọ́n lè lo ọ̀nà ìléru yìí kan náà fún orúkọ àti ọjọ́ nìkan. Ó tilẹ̀ rọrùn jù, torí kò sí ojú tí a ń bá fà.

Ní ti ìfọṣọ́ ẹ̀, omi ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ ti tó. Tí ẹ bá sì ń lọ gba iṣẹ́, ẹ mú fúláàṣì dání, kí ẹ gba fáìlì tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ẹ tọ́jú ẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì. Ilé ìtẹ̀wé lè kó lọ, ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fi ibẹ̀ sílẹ̀, ẹ ò sì ní tún máa wá fọ́tò ìyá kiri ilé ẹbí.